Gọ́tà Kẹta

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, inú ọkọ̀ Micra ni mo wà láti Mọ́létè sí Challenge, àwa mẹ́ta lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ kan, nígbà tí ìyá mi sọ̀rọ̀ láti ọwọ́ mi. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Obìnrin tó gbé ọmọ náà wò mí. Kó tó gbójú kúrò, ìyá mi tún ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, dẹ́rẹ́bà ti ń wò mí nínú dígí.

"Bàbá, ṣé kò sí o? Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú, gọ́tà ni mo já sí. Ó yíjú padà wo bàtà mi. Bàtà mi gbẹ táútáú.

Kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún un kí n tó sọ̀, nítorí náà ẹ̀yin ni mo máa rò ó fún, kí ẹ bá mi dá a.

Télọ̀ ni mí. Ó ti pé ọdún 27 tí mo ti ń rán bùbá àti agbádá ní Challenge n'Ìbàdàn, kò jìnnà sí oríta. N kì í fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí aṣọ mọ́, ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Bí mo bá ní íǹṣì kan àtààbọ̀ ni, ẹ gbé téèpù wá, íǹṣì kan àtààbọ̀ ni ẹ máa bá níbẹ̀. Mo máa ń fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ nígbà tí iná bá ń ṣẹ́jú pàkàpàkà, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á máa wá tọ́ọ̀ṣì kiri. Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọwọ́ tí wọ́n ń bú yìí, ọwọ́ tó ní orúkọ ni.

Ọmọ àbúrò mi ló fà á. Ọ̀dọ̀ mi ló ti máa ń lo ìsinmi láti kékeré, tó ń bá mi ká òwú, tó ń bá mi lọ ra bọ́tìnnì ní Dùgbẹ̀. Dádì Challenge ló ń pè mí. Ó ti wá di ọmọ Poly báyìí, kọ̀ǹpútà ló ń kọ́. Ní oṣù méjì sẹ́yìn ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ti ṣe géèmù kan. Òun nìkan, láìsí ilé-iṣẹ́, láìsí ọ̀gá, lórí laptop tòkunbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ kò lè dá dúró fún ìṣẹ́jú 5. Ó ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní Godot ni òun fi ṣe é, pé àwọn ará Argentina méjì ló dá a sílẹ̀ tí wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2014. Ó ní kí n gbá a, kí n sì sọ bí mo ṣe rí i. Mo ní ó káre. Mo ní kó fi sórí fóònù mi. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí mo ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, tí a bá yọ 613 tó kù kúrò.

Ẹ gbọ́ bí géèmù náà ṣe rí. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, ó dé fìlà pupa, ó gbé búrẹ́dì. Oríta Challenge ló ti ń bọ̀, Ring Road ló ń lọ. Kò sí títì. Gọ́tà ló wà, àti pálábá kọnkéré lórí gọ́tà, irú èyí tí gbogbo wa ń gbà wọ ṣọ́ọ̀bù, tí òmíràn ti fọ́ tí ọ̀pá irin inú rẹ̀ sì ti yọ sókè bí ehín. Ẹ tẹ ojú fóònù, ọkùnrin náà á fò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ́ díẹ̀, á fò jìnnà díẹ̀. Ó parí. Kò sí ìbọn, kò sí iwin, kò sí owó tí ẹ máa ṣà. Gọ́tà 12 ni gbogbo rẹ̀. Mo fò èkínní. Mo fò èkejì, mo tiẹ̀ fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kẹta ní pálábá mẹ́ta. Ti àárín kò fẹ̀ ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, irin sì wà níwájú rẹ̀, irin wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí rì. Nítorí náà kò sí pé ẹ ń dúró síbẹ̀ gba atẹ́gùn. Bí ẹ ṣe ń balẹ̀ ni ẹ ti gbọ́dọ̀ máa fò, ẹ ò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹ́ jù nítorí irin tó wà lókè, ẹ ò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ kéré jù nítorí irin tó wà nísàlẹ̀. Mo ti rán aṣọ fún ọkùnrin tí apá rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Kò le tó èyí.

Bí ẹ bá sì ṣubú, ẹ ò kú. Ìyẹn ni ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú. Ọkùnrin náà á já sínú omi dúdú, ojú ò ní tíì ṣẹ́ tí yóò ti tún dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀, tí ohun kan á sì kọ sókè ojú fóònù pé: *Ẹ ti ṣubú ní ìgbà 41.* Ẹ! Ọmọ yìí fi "ẹ" sí i. Ká ní "o ti ṣubú" ló kọ ni, mi ò bá ti la fóònù náà mọ́lẹ̀, ọkàn mi á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ń gbá ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kí i létí? Ó ń fi ọ̀wọ̀ ka ìṣubú mi fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí alákọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àjọ.

Ohùn ìyá mi ló wá burú jù. Ọmọ náà lọ bá màmá àgbà ní Òkè-Àdó, ó gbé fóònù sí i lẹ́nu, ó ní kí Màmá sọ pẹ̀lẹ́ bí ìgbà tí ọmọ ẹni bá fi orúnkún gbálẹ̀. Màmá ò béèrè ta ló ṣubú. Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Obìnrin tí kò sọ ọ́ fún mi mọ́ láti ìgbà tí mo ti jábọ́ lórí igi máńgòrò ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó wá ń sọ ọ́ fún mi báyìí nínú ọkọ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù, ní ilé ìyàgbẹ́. Àwọn kan ti ní kí n kúkú pa ohùn fóònù mi. Ẹ̀yin lẹ lè pa ìyá yín lẹ́nu mọ́.

Kì í sì í ṣe pé ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí géèmù. Nígbà tí GSM dé lọ́dún 2001, tí a ń tò sórí ìlà torí síìmù, ta ló gbá ejò orí Nokia tó mi ní òpópónà wa? Ejò yẹn ń jẹun, ó ń gùn, títí yóò fi gé ara rẹ̀ jẹ. Ikú ọ̀kánjúwà nìyẹn, ó yé mi, mo mọ àwọn tó kú bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bounce dé, bọ́ọ̀lù pupa kékeré tó ń ta gíjígíjí, tó ń la òrùka kọjá, tí ẹ̀gún á sì bẹ́ ẹ. Mo gbá a. Ẹni tó bá sì dàgbà sí ilé olówó á rántí Super Mario Bros., tí ilé-iṣẹ́ Nintendo ará Japan gbé jáde lọ́dún 1985. Àwọn méjì ìkẹyìn yìí ní ẹ̀mí tí wọ́n fi ń gbá a. Ẹ̀mí mẹ́ta, ó tán, géèmù parí, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn, ẹ lọ pọnmi. Ètò wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá kùnà, wọ́n á ní kó lọ sinmi.

Mo bi ọmọ yìí pé níbo ni ẹ̀mí mẹ́ta wà. Ó rẹ́rìn-ín. "Dádì, a ò ka ẹ̀mí mọ́." Ó ní àwọn méjì kan ní Amẹ́ríkà, Edmund McMillen àti Tommy Refenes, gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Super Meat Boy jáde lọ́dún 2010, ẹran pupa tí kò láwọ ló ń sáré láàárín ayùn. Bí ayùn bá ti gé e báyìí ló ti padà dé. Bí ẹ bá wá yege, géèmù náà á kó gbogbo ìgbà tí ẹ ti kú jọ, á fi hàn yín lẹ́ẹ̀kan náà, bí ogún ẹran, bí ọgbọ̀n ẹran tó ń sáré lọ pàdé ayùn, ọ̀kan ṣoṣo ló máa kọjá. Ó ní òun náà ti fi irú rẹ̀ sí ti òun. Ó ní wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ikú má baà dun èèyàn púpọ̀.

Èmi fẹ́ kó dùn mí. Bí mo bá ṣubú, mo fẹ́ kí wọ́n fún mi láyè kí n jókòó, kí n tún fìlà mi ṣe, kí n wo yíká, kí n wá ẹni tí mo máa dá lẹ́bi.

Ó kó géèmù náà fún gbogbo àdúgbò. Ó ní bí àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn, wọ́n á fún aráyé gbá, wọ́n á sì gbọ́ tẹnu wọn. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó kángun sí tèmi ni wọ́n ti ń ṣe ìpàdé rẹ̀. Ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìwé àti bírò. Onígbàjámọ̀ ní ó dùn, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ajá máa lé ọkùnrin náà. Oní-Micra kan tí wọ́n ti fá ìdajì orí rẹ̀ ní irọ́ ni: níbo ni ọ̀kadà tó ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú bọ̀ wà? Níbo ni àwọn tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì wà? Ó tún bi í pé kí ló dé tó fi ń gbé búrẹ́dì láti Challenge lọ sí Ring Road, ṣé kò sí búrẹ́dì ní Ring Road ni? Ọ̀rọ̀ yẹn dá àríyànjiyàn sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan, kò sì sẹ́ni tó rántí géèmù mọ́. Lánlọ́ọ̀dù wọlé, ó wò ó, ó ní èló ni wọ́n ń san lórí rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Ó jáde.

Àwọn ìbejì mi obìnrin, ọmọ ọdún 10, gbá gọ́tà mẹ́jìlá tán kí Indomie tó jinná. Wọ́n ní ó tètè tán. Mi ò bá wọn jà, ọmọ ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n màmá alágbo! Obìnrin yìí jù mí lọ, ó ń ta àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti àgbo ibà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láti ayé ọjọ́un, kò ní fóònù ju èyí tó fi ń gba ìpè lọ. Wọ́n gbé tèmi fún un. Ó na ọwọ́ jìnnà bí àwọn tí ojú ń dùn ṣe máa ń ṣe. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní "hẹ̀n-ẹ́n" sí ìyá mi, bí ẹni pé wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ni. Ó wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ní kù, kù-ù, kù, ó kọjá gọ́tà kẹta, ó kọjá ẹ̀kẹrin, ó gbé fóònù fún mi, ó bu àgbo fún ọlọ́jà tó dúró. Mo ní, "Ẹ̀yin màmá, báwo lẹ ṣe ṣe é?" Ó ní, "Ẹ̀yin ń wo ọkùnrin yẹn jù. Ẹ wo pálábá. Ṣé mo máa ń wo ọwọ́ mi tí mo bá ń rọ àgbo ni? Ẹnu ìgò ni mò ń wò."

Mo lọ sílé, mo wo pálábá. Mo ṣubú ní ìgbà 38 kí n tó sùn.

Ní ọjọ́ kejì ni ọmọ yìí gbàgbé ìwé rẹ̀ sórí tábìlì ìgérun. N kì í wo ìwé oníwèé, ṣùgbọ́n ó ṣí sílẹ̀, orúkọ mi ló sì wà níbẹ̀. Ó kọ ti onígbàjámọ̀: *ó fẹ́ ajá.* Ó kọ ti alágbo: *ó dára gan-an, kó wá gbá èyí tó le.* Ó kọ tèmi: *Dádì Challenge: ìka wúwo.*

Ìka wúwo! Ìka tó ń to ìlẹ̀kẹ̀ sí ọrùn agbádá ọkọ ìyàwó!

Mo pè é. Mo ní géèmù rẹ ló burú. Ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì, ó le ni, ṣùgbọ́n kì í rẹ́ yín jẹ. Irin yẹn ò kúrò níbi tó wà rí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bákan náà, á fò bákan náà. Bí ẹ bá ṣubú, ẹ̀yin náà lẹ ṣubú." Ó sọ ọ́ bí ìròyìn ayọ̀. Ó ní ohun tí gbogbo àwọn tó fẹ́ràn irú géèmù yìí káàkiri ayé ń fi yangàn nìyẹn, pé kò sí àbòsí nínú rẹ̀.

Ẹ̀dùn ọkàn mi gan-an rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé e wò. Láti ìgbà tí mo ti wà ní Ìbàdàn, kò sí ohun tí mo ṣe tí kò bọ́ sí i tí n kò rí nǹkan fi dì í. Agbádá ò tíì parí, iná ló lọ. Iná dé, abẹ́rẹ́ ló ṣẹ́. Abẹ́rẹ́ wà, ọmọ iṣẹ́ lọ sìnkú. Ọmọ iṣẹ́ dé, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ wà ní oríta Challenge. Oníbàárà mọ̀ pé irọ́ ni, èmi náà mọ̀ pé ó mọ̀, ṣùgbọ́n irọ́ yẹn ni pálábá tí àwa méjèèjì fi ń kọjá gọ́tà, tí a fi ń kí ara wa pé ó dàárọ̀. Kí wá ni ọmọ yìí ṣe? Ó kó iná kúrò, ó kó ọ̀kadà kúrò, ó kó ọmọ iṣẹ́ kúrò, ó ku èmi àti ìka mi nínú òkùnkùn. Ó wá pe ìyá mi kó wá máa wò wá.

Bàbá àgbà kan tó ń gérun níbẹ̀ ní kí n fara dà á bí akin, pé ṣé mo mọ̀ pé kò jìnnà síbí yìí ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà, ní Liberty Stadium, oṣù kẹjọ ọdún 1963, ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún bẹ́líìtì àgbáyé tí wọ́n kọ́kọ́ jà ní Nàìjíríà. Ó ní òun gbọ́ ariwo rẹ̀. Mo ní bàbá, mo mọ̀ ọ́n. Ráńdì 15 ni wọ́n dá, ráńdì keje ló parí sí, torí àwọn tó wà ní igun Fullmer ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ wò ó, ẹni tó ń gba ẹ̀ṣẹ́ Dick Tiger sójú ní àga tó ń jókòó sí láàárín ráńdì, ó ní ẹni tó ń nù ún lójú, ó ní ẹni tó ní ó tó. Ta ló wà ní igun tèmi? Ìyàwó mi ń bi mí bóyá mo máa jẹun tàbí kí òun gbé e fún ajá.

Ìgbà tó rí i pé ó ń dùn mí ní tòótọ́, ọmọ náà jókòó tì mí. Ó ní, "Dádì, mi ò fẹ́ sọ fún yín. Mo ti ń ràn yín lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí."

Mo ní kí ló wí?

Ó ní géèmù kan wà, Celeste, tó jáde lọ́dún 2018, ọmọbìnrin kan ló ń gun òkè níbẹ̀. Maddy Thorson àti Noel Berry ló kọ́kọ́ ṣe é ní kékeré láàárín ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó sọ ọ́ di ńlá. Àwọn èèyàn ń sọ pé ó le, pé ó tọ́, pé ó péye. Àṣírí rẹ̀ ni pé kò péye. Bí ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà bá ti kúrò lórí àpáta, tó ti wà nínú afẹ́fẹ́ lásán, tó yẹ kó máa já bọ̀, géèmù á ṣì gbà kó fò, fún bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Wọ́n ń pè é ní àsìkò coyote, torí ẹranko kan inú kàtúùnù tó máa ń sá kọjá etí òkè, tí kì í já bọ́ títí yóò fi wo ìsàlẹ̀. Ó ní òun ti fi sí gọ́tà náà. Ó tún ní irin yẹn ò gùn tó bí ojú ṣe ń rí i. Ṣóńṣó orí rẹ̀ kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan, àwòrán lásán ni.

Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo wá ní, "Ṣé ìrànlọ́wọ́ yẹn wà níbẹ̀ nígbà tí mo ṣubú ní ìgbà 500?"

Ó ní ó wà níbẹ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ bá mi dúró síbí yìí. Èèyàn ṣubú, ó burú. Èèyàn ṣubú nígbà tí wọ́n ti bá a gé irin kúrú, tí wọ́n ti bá a na pálábá síta, tí wọ́n ti ní kí afẹ́fẹ́ gbé e dúró díẹ̀, kí lẹ máa pe ìyẹn? Mo bi í níbo ló ti kọ́ irú ẹ̀tàn báyìí, ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ní Poly nìyẹn.

Ó ní, "Ọ̀dọ̀ yín ni, Dádì."

Mo wò ó.

Ó ní, "Aṣọ oṣù Kejìlá." Mo mọ ohun tó ń sọ. Bí mo bá ń rán bùbá fún ọkùnrin tó ti ń súnmọ́ 50 ọdún, mo máa ń fi íǹṣì kan sílẹ̀ nínú ojú ìrán, lọ́tùn-ún lósì, mi ò sì ní sọ fún un. Bí ọdún bá dé, tí ikùn bá ti tẹ̀lé e, á gbé aṣọ wá pé ó ti ń fún òun. Mo máa ní kó lọ mu omi wá. Kó tó dé, mo ti tú u, mo ti tẹ̀ ẹ́, á wọ̀ ọ́, á ní òun mọ̀ pé òun ò sanra, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á sì sanwó fún mi. Ọmọ yìí ló máa ń fi abẹ tú u. Ó ti ń wò mí láti ìgbà tí kò ga ju máṣíìnì lọ.

Inú mi fẹ́ dùn. Mo ní kó rọra. Mo ní, "Íǹṣì kan ni mò ń fi sílẹ̀ fún oníbàárà. Èló lo fi sílẹ̀ fún mi? Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá! Ìyẹn kọ́ ni ààyè, ahun ni. Fi kún un." Ó ní rárá. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Dádì: bí ààyè bá ti pọ̀ jù, kì í ṣe bùbá mọ́, ó ti di àpò ìrẹsì." Ó ní òun lè jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa falẹ̀ fún mi bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé Celeste náà ní irú ẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Mo ní kó máa lọ kí n tó bínú. Alágbo ò gbá èyí tó ń falẹ̀.

Èmi náà wá lọ ṣe ìwádìí. Mo rí ọkùnrin kan ní Vietnam, Dong Nguyen, tó ṣe géèmù ẹyẹ tó ń fò láàárín páìpù lọ́dún 2013, Flappy Bird. Ayé ya bò ó. Wọ́n ní ó ń pa 50,000 dọ́là lójúmọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2014 ló yọ ọ́ kúrò níbi tí aráyé ti ń gbà á sórí fóònù, ó ní òun ò nísinmi mọ́, àwọn èèyàn sì ti ń gbá a jù. Èèyàn gidi nìyẹn! Mo fi han ọmọ yìí. Mo ní wo ẹni tó fi owó sílẹ̀ nítorí ọmọlàkejì, ìwọ tí o kò tíì pa kọ́bọ̀, kí lò ń dúró dè? Ó ní, "Dádì, ẹ lè pa á rẹ́ lórí fóònù yín." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ohun tó mú mi dúró ni pé ó ti sọ fún mi pé Màmá sọ nǹkan mìíràn. Yàtọ̀ sí pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tó gbà sílẹ̀ fún ẹni tó bá kọjá gọ́tà kẹta. Mo bi àwọn ìbejì kí ni. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sá wọlé. Mo bi alágbo. Ó ní àwọn ò tíì parí ọ̀rọ̀, òun àti ìyá náà, pé kí n lọ gbọ́ fúnra mi.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, iná lọ. Aládùúgbò tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, èyí tó gbé kalẹ̀ sábẹ́ fèrèsé mi gan-an. Fóònù mi ku 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo jókòó sórí àpótí, mo tẹ̀ ẹ́. Mo ti ṣubú ní ìgbà 613. Mi ò wo ọkùnrin náà mọ́, mi ò sì wo pálábá, ó ti rẹ̀ mí, bóyá mo tiẹ̀ ń tòògbé. Ìka mi lọ bó ṣe máa ń lọ tí mo bá ń fi ọwọ́ rán etí aṣọ, kékeré, gígùn, kékeré. Pálábá ọṣẹ rì lábẹ́ rẹ̀. Ó fò nígbà tí kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, mo rí i kedere, nínú afẹ́fẹ́ lásán, lórí ààyè tí ọmọ mi fi sílẹ̀ fún mi nínú ojú ìrán. Ó balẹ̀ sí òdìkejì.

Mo dìde. Ojú fóònù kún. Àwọn fìlà pupa 614 tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí èrò òde ìgbéyàwó tó gbọ́ pé wọ́n ti ń pín súfúníà, wọ́n ń ya lu irin, wọ́n ń ya sínú gọ́tà, tòun ti búrẹ́dì, ọ̀kan ṣoṣo ló dá dúró lókè. Ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ náà gùn, mo gbé fóònù mọ́ etí.

Jẹnẹrétọ̀.

Mo gbọ́ "ìwọ". Mo gbọ́ nǹkan tó jọ "bàbá rẹ" tàbí "àwàdà rẹ". Ó tán. Gọ́tà kẹrin dé. Mo padà sí ẹ̀kẹta kí n lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì ṣubú títí fóònù fi kú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè-Àdó. Màmá jókòó níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Màmá, ọmọ yẹn ní ẹ sọ nǹkan kan sínú fóònù, yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Kí lẹ sọ?"

Ó ní òun ò rántí. Ó ní ṣé ìgbà tí wọ́n ní kí òun máa pẹ̀tù sí ẹnì kan tó ń já sí gọ́tà ni? Ó ní òun ti ń fẹ́ bi wá, ta tiẹ̀ ni ẹni náà, ṣé kò rí ọ̀nà ni?

Mi ò dáhùn. Ó gbé ojú kúrò lára ẹ̀wà, ó wò mí, ó wo ojú mi tó pọ́n, ó wo àtàǹpàkò mi tí mo fi bándéèjì dì.

Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."